Àwọn Onítíì Lọ́ńdọ̀nù àti Kọ̀ǹpútà Wọn

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé wa léèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ wọn yóò dáhùn pé àwọn ológun ni, tàbí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tí ń ta tíì àti kéèkì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni. J. Lyons ni orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tíì wọn àkọ́kọ́ ní òpópó Piccadilly, kò sì pẹ́ tí irú rẹ̀ fi tàn ká ìgboro.

Èrè orí ife tíì kan kò tó nǹkan, owó tí a ná lórí kíkọ ọ́ sínú ìwé sì lè jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí Lyons fi gbà ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ̀wé tí ń fi ojoojúmọ́ ro owó pọ̀. John Simmons, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Cambridge, ni ó ń ronú bí iṣẹ́ náà yóò ṣe fúyẹ́. Ní ọdún 1947 ilé-iṣẹ́ náà rán ènìyàn méjì lọ sí Amẹ́ríkà láti wo ẹ̀rọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò ní ọ́fíìsì. Ní Princeton ni Herman Goldstine ti sọ fún wọn pé àwọn ọ̀mọ̀wé Cambridge, nítòsí ilé wọn, ń kan irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò! Lyons fi £3,000 ran Cambridge lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ Cambridge ṣiṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1949, John Pinkerton bẹ̀rẹ̀ sí í kan ti Lyons. LEO ni wọ́n pè é.

Ẹ má ṣe fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì wé e. Yàrá ńlá kan ni ó gbà, pẹ̀lú fáàfù onígíláàsì bíi 6,000, irú èyí tí ó wà nínú rédíò àtijọ́. Inú ọ̀pá gígùn tí a rọ mẹ́kúrì sí ni ó ń pa nọ́ńbà mọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ìró tí ń sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1951 ni ó gba iṣẹ́ ìdíyelé ọjà ilé búrẹ́dì, èyí tí ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́. Ohun tí ń gba akọ̀wé tí ó mọṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 8, LEO ń ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní etí. Báwo ni yóò ṣe mọ iye kéèkì tí ṣọ́ọ̀bù kan ń fẹ́ lọ́la? Níhìn-ín ni ọgbọ́n tòótọ́ wà lójú tèmi. Láti ọdún 1954, wọ́n pinnu iye ọjà tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń gbà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, LEO sì mọ̀ ọ́n. Ìyípadà nìkan ni obìnrin tí ń ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù náà yóò sọ lórí tẹlifóònù ní àsìkò tí a dá fún un. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní olú ilé-iṣẹ́, tí ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, yóò máa gbọ́, yóò sì máa lu ihò sára káàdì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Káàdì yẹn ni LEO yóò kà. Ó dà bí ẹni pé olùkọ́ kò kọ orúkọ àwọn tí ó wá, bí kò ṣe ti àwọn tí kò wá nìkan. (Èmi tí mo ti yẹ àìlóǹkà rẹ́jísítà wò mọ àkókò tí ìyẹn ìbá dá sí fún wa.)

Ẹ wo káàdì yẹn dáadáa. Àwọn baba wa fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ní àrokò pé ọkàn àwọn fà sí ẹni. Iye ni ó di ọ̀rọ̀. Ihò ara káàdì kò yàtọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, bí ooru bá mú jù tàbí òjò fẹ́ rọ̀, olórí ṣọ́ọ̀bù ni ó mọ̀ bí oníbàárà yóò ti pọ̀ tó, kì í ṣe LEO. Wọ́n kò gba ìpinnu yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Láìpẹ́, ẹ̀rọ rọ́pò etí ọ̀dọ́bìnrin náà. Ní ọdún 1962 Bell 103 jáde ní Amẹ́ríkà. Ó ń sọ àmì di ìró lórí wáyà tẹlifóònù, nǹkan bíi lẹ́tà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Teletype 33 tẹ̀lé e ní 1963, tàípúráítà tí ń bá kọ̀ǹpútà tí ó jìnnà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó fi di 1964, àwọn tí ń gba àyè fún èrò ọkọ̀ òfuurufú American Airlines ti ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìbéèrè ránṣẹ́ láti oríṣiríṣi ìlú sí kọ̀ǹpútà IBM méjì ní ìpínlẹ̀ New York, ìdáhùn sì ń padà dé kí oníbàárà tó jókòó tán.

LEO àkọ́kọ́ dákẹ́ ní ọdún 1965. Àwọn ìwé tí mo kà dárúkọ Simmons, Pinkerton, àti Mary Coombs tí ó wà lára àwọn tí ń kọ ètò fún ẹ̀rọ náà. N kò rí orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ń gbọ́ tẹlifóònù, tí wọ́n ń lu káàdì.