Òṣómàáló Tó Di Mínísítà

Bí ẹ bá wọ mọ́tò láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan wá ń bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Òṣómàáló!" Gbogbo mọ́tò á sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará Òṣogbo ló sì máa ń pariwo jù, bíi pé kì í ṣe Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Lárọ́òyè ti wá tẹ ìlú wọn dó! Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí mo ka ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ni mo tó rí i pé ọgbọ́n wà nínú orúkọ ẹ̀fẹ̀ yìí.

Ta ni òṣómàáló? Oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà ni, tó ń kiri láti ìlú dé ìlú láyé ìjọba òyìnbó. Àwìn ló ń tà. Bí ọjọ́ owó bá pé, á padà wá, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbé e dìde. Aṣọ tó kó sílẹ̀ kì í ṣe ọrẹ, àdéhùn ni.

Iléṣà ni wọ́n bí Akínyẹmí sí ní 1942. Ó kàwé ní Igbobi College l'Ékòó àti Christ's School l'Ádó-Èkìtì, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford ní 1969. Ní 1975, wọ́n fi í ṣe olórí NIIA, ilé ìwádìí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ òkèèrè, ní Victoria Island. Ẹni ọdún 33 péré ni! Ẹ wá wo àwa tí a ṣì ń ru kárí-ofà kiri.

Iṣẹ́ ilé yẹn ni láti ronú kí ìjọba tó sọ̀rọ̀. Àkókò tí owó epo ń dún jìngíjìngí lápò wa ni. Ní oṣù kọkànlá 1975, Nàìjíríà dúró ti MPLA ní Àǹgólà, kò wojú Amẹ́ríkà, ó sì tún fún wọn ní dọ́là mílíọ̀nù 20. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àdéhùn ibẹ̀? À ń fúnni ni ṣáá.

Akínyẹmí kúrò ní NIIA ní 1983. Ní 1985, Babangida fi í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Agbaninímọ̀ràn wá di ẹni tí yóò ṣe é. Ibẹ̀ ni òṣómàáló ti jáde. Ó ní orílẹ̀-èdè tó bá ń retí pé kí Nàìjíríà gbèjà òun, kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wá kó tó dáwọ́ lé e. Oore gbọ́dọ̀ ní èsì. Ní 1987, wọ́n dá Technical Aid Corps sílẹ̀: dípò ká máa gbé owó fúnni, ká rán dókítà, tíṣà, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà wa lọ sìn fún ọdún méjì ní Áfíríkà, ní erékùṣù Caribbean àti ti Pacific. Nàìjíríà ló ń san owó wọn. Wọ́n lè gbàgbé owó, ṣùgbọ́n ta ni í gbàgbé tíṣà rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo èrò rẹ̀ ló kẹ́sẹ járí. Ó pe Brazil, Íńdíà, Sweden àtàwọn mìíràn jọ sí Èkó ní 1987 láti di ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè alágbára díẹ̀. Nígbà tó kúrò nípò lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ náà kò gbérí mọ́.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ìjọba ológun tó sìn yẹn náà ló fagi lé ìbò June 12 ní 1993. Akínyẹmí wà nínú àwọn NADECO tó sá lọ sókè òkun nígbà Abacha. Ṣé ẹni tó bá ológun jẹun kò mọ̀ pé ológun kì í sangbèsè ni? Mi ò lè bú u, mi ò sì lè gbójú fò ó. Ní 2014, ó tún ṣe igbákejì alága ìpàdé àpérò orílẹ̀-èdè l'Ábùjá. Wọ́n gbé àbọ̀ fún Ààrẹ Jonathan. Nígbà tí ìjọba yẹn fi lọ ní 2015, inú fáìlì ni àbọ̀ náà ṣì wà.

Èmi rò pé ohun tó dí ọgbọ́n Akínyẹmí lọ́wọ́ kò sí lókè òkun rárá. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ìjọba tó ń jẹ ará ilé ní gbèsè, tó fagi lé ìbò wọn, báwo ni yóò ṣe lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì pé kó sanwó òun?

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún pariwo "Òṣómàáló!" nínú mọ́tò, èmi ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Màá na ọwọ́, màá gba ṣéńjì mi pé.