Àgbàlá Bouaké: Bí òfin ilẹ̀ ṣe sọ ilé ẹbí kan di ibùgbé ọ̀pọ̀ ayálégbé

Ní ìlú Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ẹ lè kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lójú títì, kí ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ dá yín lóhùn.

Ẹnu ọ̀nà náà ló máa gbé yín wọ àgbàlá. Yàrá tò yí ògiri ká, ẹ̀rọ omi kan ló wà fún gbogbo ilé, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jẹ́ àjùmọ̀lò. Onílé lè wà nínú yàrá kan, kí àwọn yòókù jẹ́ ti ayálégbé. Cour commune, ìyẹn àgbàlá àjọgbé, ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní èdè Faransé. Yàrá kan ṣoṣo, tí èèyàn á wọlé tí á sì kan bẹ́ẹ̀dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ni wọ́n ń pè ní entrer-coucher: wọlé kí o sùn.

Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé ilé 'face me I face you' ní Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀ kò ní béèrè àlàyé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àgbàlá yìí kì í ṣe ìtàn òṣì nìkan. Ìtàn òfin ilẹ̀ ni: ta ló láṣẹ láti kọ́lé, irú ilé wo, lórí ilẹ̀ ta?

Reluwé dé, èrò dé

Ìlú àwọn Baoulé ni Bouaké. Orúkọ olóyè kan, Gbêkê, ni wọ́n fi sọ ìlú náà, orúkọ yìí náà sì ni ẹkùn ibẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Àwọn ọmọ ogun Faransé sọ ibẹ̀ di ibùdó wọn. Ní 1904 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Abidjan, ó sì dé Bouaké ní 1912. Kò tó ọdún mẹ́wàá lé díẹ̀ lẹ́yìn náà tí òyìnbó kan, Robert Gonfreville, fi dá ilé iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí reluwé bá ti dúró, ọjà a máa dúró síbẹ̀. Àwọn Dioula oníṣòwò wá láti àríwá. Òṣìṣẹ́ wá láti ibi tó di Burkina Faso àti Mali lónìí. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anango, náà tàn ká àwọn ìlú ọlọ́jà Côte d'Ivoire, pàápàá àwọn ará Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àjọṣe Ẹ̀jìgbò pẹ̀lú orílẹ̀-èdè náà ti pẹ́ débi pé èèyàn lè gbọ́ èdè Faransé nínú ìlú wọn.

Gbogbo èrò yìí ló nílò ibi tí wọ́n máa sùn.

Ìwé òyìnbó, ìwé adúláwọ̀

Ní àwọn ìlú tí Faransé ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ya àdúgbò òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ti adúláwọ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n fa ìlà tààrà, wọ́n gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún kálukú kò dọ́gba.

Òyìnbó sábà máa ń ní titre foncier, ìwé tó sọ èèyàn di onílẹ̀ pátápátá. Èyí tí ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ rí gbà ni permis d'habiter, ìyẹn ìwé àṣẹ láti gbé orí ilẹ̀. Ìjọba ló ṣì ni ilẹ̀, ó sì lè gba ìwé náà padà. Ẹni tí kò bá kọ́ nǹkan kan sórí ilẹ̀ ọ̀hún lè pàdánù rẹ̀.

Ta ló máa yá èèyàn ní owó ńlá lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀? Owó ọwọ́ ni onílé fi ń kọ́lé. Á kọ́ yàrá kan, á gbé e fún ayálégbé, á sì fi owó ilé yẹn ra búlọ́ọ̀kù àti páànù fún yàrá kejì. Bí yàrá ṣe ń bí yàrá nìyẹn, títí wọ́n fi yí àgbàlá ká.

Kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Bí ọmọ bá gbéyàwó nínú agbo-ilé, wọ́n á fa yàrá yọ fún un. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹbí ló kún agbo-ilé, àlejò tó ń san owó ilé ló kún àgbàlá Bouaké.

Èkó náà ní tirẹ̀

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà pín ìlú bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ìlú tí Lugard ṣe ní 1917, àlàfo ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 440 yáàdì ló yẹ kó wà láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti adúláwọ̀. Irú àdúgbò òyìnbó bẹ́ẹ̀ ló di GRA.

Síbẹ̀, òyìnbó tí kò fẹ́ adúláwọ̀ nítòsí kò lè dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè. Ó kọ́ bọ́ìsì kọ́tà sẹ́yìn ilé fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ bọ́ìsì kọ́tà ti di ilé tí ayálégbé ń sanwó fún. Òfin ló lé èrò síwájú, ìlò ló gbà á wọlé láti ẹ̀yìn.

Òmìnira dé, ilé ò tó

Côte d'Ivoire gba òmìnira ní 1960. Ìjọba Félix Houphouët-Boigny fẹ́ ilé ìgbàlódé. Wọ́n dá SOGEFIHA sílẹ̀ ní 1963 àti SICOGI ní 1965 láti máa kọ́ ilé fún àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n Abidjan ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ láàárín 1980 sí 1990, owó ìjọba fún ilé kíkọ́ gbẹ. Àgbàlá ló ń gba èrò lọ.

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀. Bouaké di olú ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà Ouagadougou ní oṣù Kẹta, ọdún 2007, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Láàárín ìgbà náà, ibo ni onílé fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ lọ?

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Òfin ọdún 1998 sọ pé ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko. Òfin náà kò kan ilẹ̀ ìlú, ṣùgbọ́n ìbéèrè 'ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò?' kò mọ sí oko.

Kí ni òfin sọ báyìí?

Láti oṣù Keje, ọdún 2013, ìwé tí wọ́n ń pè ní ACD nìkan ló ń sọ èèyàn di onílẹ̀ nínú ìlú. Ìwé tí olórí abúlé fọwọ́ sí nìkan kò tó mọ́. Òfin tuntun lórí ètò ìlú àti ilẹ̀ ìlú tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2020.

Òfin ọdún 2018 dáàbò bo ayálégbé: onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó oṣù méjì ṣáájú, àti ti oṣù méjì mìíràn tó máa fi pamọ́ nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Ayálégbé Èkó tí wọ́n ń béèrè owó ọdún kan tàbí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lè fẹ́ ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n àgbàlá tí bàbá kọ́ láyé permis d'habiter, tí ọmọ méje jogún, orúkọ ta ni wọ́n máa fi gba ACD? Bí ẹnu wọn kò bá kò, ìwé ò ní jáde. Bí ìwé ò bá jáde, ó ṣòro láti gba àṣẹ ìkọ́lé fún yàrá tuntun. Síbẹ̀, ayálégbé ń kan ilẹ̀kùn.

Ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé kan fún ẹbí kan ni òfin fàyè gbà lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ilé ò tó, owó ilé sì gbówó lórí. Láti ọdún 2017, òfin mú kó rọrùn fún onílé láti kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fàyè gbà lọ́hùn-ún ló ti mọ́ onílé Bouaké lára tipẹ́.

Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé èèyàn Bouaké ti lé ní 800,000. Àgbàlá ṣì wúlò. Ewu ibẹ̀ ni pé yàrá ń pọ̀, ẹ̀rọ omi kò pọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò pọ̀. Wíwó yàrá kò lè yanjú ìyẹn. Ẹni tí kò ní ìwé á máa kọ́lé bí ẹni tí wọ́n lè lé lọ́la. Ẹni tó ní in á gbẹ́ ṣáláńgá tó dára, torí ó mọ̀ pé ọmọ òun ló máa lò ó.