Ìpamọ́ Omi àti Àyíká nínú Ìpèsè Omi Ìlú Ìbàdàn

Ìpamọ́ omi nínú iṣẹ́ iléeṣẹ́ omi ní apá méjì: kí odò tí wọ́n ń fà lò má bàjẹ́, kí omi tí wọ́n ti náwó sọ di mímọ́ má sì dànù kó tó délé. Ní Ìbàdàn, Iléeṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Adágún méjì ló gbójú lé: Ẹlẹ́yẹlé, lórí odò Ọ̀nà, àti Aṣéjirè, lórí odò Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n ní Challenge, àdúgbò kan nílùú náà, bí ènìyàn bá yà kúrò ní oríta wọ àárín àdúgbò, táńkà omi lórí irin gíga ló máa kọ́kọ́ rí, àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tò sẹ́nu bọ́ọ̀hò. Ilé kọ̀ọ̀kan ti di iléeṣẹ́ omi ara rẹ̀.

Ìtàn

Kí omi ẹ̀rọ tó dé, odò, ìsun àti kànga ni ará Ìbàdàn ń pọn. Ìjọba amúnisìn ló sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, ní 1942. Nígbà tí ìlú fẹ̀ kọjá ohun tí adágún yẹn lè bọ́, wọ́n sé Ọ̀ṣun ní Aṣéjirè, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìpèsè omi ibẹ̀ parí ní 1972, wọ́n sì ṣe é kó lè máa pèsè nǹkan bí mílíọ̀nù 80 lítà lójúmọ́. Aṣéjirè rẹlẹ̀ ju Ìbàdàn lọ, nítorí náà ẹ̀rọ ló ń ti omi gòkè wá sílùú. Páìpù tó bẹ́ lójú títì ń da iná àti dísẹ́ẹ̀lì nù pẹ̀lú omi, ó sì ń da álọ́ọ̀mù àti kiloríìnì tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ mọ́ nù.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni omi ẹ̀rọ ti fà sẹ́yìn. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní oṣù kọkànlá 2018, ó ní àwọn tó ń rí omi páìpù lò ní Nàìjíríà ti wálẹ̀ láti 32% ní 1990 sí 7% ní 2015.

Ẹrẹ̀ Ẹlẹ́yẹlé

Ara ìdènà rẹ̀ kọ́ ni adágún ti ń kú. Ilẹ̀ tó yí i ká, tí òjò ń ṣàn gbà wọ inú rẹ̀, ni. Wọ́n ya igbó sọ́tọ̀ yí Ẹlẹ́yẹlé ká nítorí èyí, kí gbòǹgbò igi lè di ilẹ̀ mú. Oko àti ilé ti jẹ igbó náà wọlé láti ìhà Apẹ̀tẹ̀ àti Àwọ̀tán. Bí òjò bá ti rọ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tú lára, omi pupa á ṣàn wọ adágún, ẹrẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, àyè tí omi ìbá wà á dín kù lọ́dọọdún.

Ẹrẹ̀ yìí ń dé inú iléeṣẹ́ ìwẹ̀mọ́ pẹ̀lú. Bí omi bá ṣe dọ̀tí tó ni álọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fi sí i ṣe máa pọ̀ tó. Yanrìn tó ń sẹ́ omi á tètè dí, omi tí wọ́n ti wẹ̀ mọ́ ni wọ́n sì máa fi fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí ilé àti omi ọṣẹ sì ń bọ́ àwọn ewéko tó ń léfòó, èyí tó máa ń bo ojú adágún, tó ń gba atẹ́gùn lọ́wọ́ ẹja, tó sì ń dí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fa omi.

Ìkún omi ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nílùú, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ adágún àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún ètò ìdènà ìkún omi Ìbàdàn, àtúnṣe ìdènà Ẹlẹ́yẹlé sì wà nínú rẹ̀. Àtúnṣe náà wúlò gan-an, àmọ́ kọnkéré kò lè dá ẹrẹ̀ dúró bí igi ti ń dá a dúró. Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí: IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti dá igbó sí yí adágún tirẹ̀ ká títí di òní.

Omi tó ń dànù

Nínú ọ̀rọ̀ omi mímọ́ tó ń dànù kó tó délé, Phnom Penh, olú-ìlú Kàǹbódíà, ni ó yẹ kí Ìbàdàn máa wò. Ní 1993, nǹkan bí 72% omi ibẹ̀ ni kì í mówó wọlé. Ek Sonn Chan, ọ̀gá iléeṣẹ́ omi ibẹ̀ nígbà náà, pààrọ̀ páìpù, ó fi mítà sí gbogbo ilé, ó sì gé omi àwọn tí kò sanwó, títí kan àwọn alágbára. Kó tó di 2010, àdánù náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 6%.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun

Ìwakùsà wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ odò Ọ̀ṣun di pupa. Ní oṣù kẹjọ 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo kí wọ́n má mu omi rẹ̀. Odò kan náà ló ń ṣàn dé Aṣéjirè. Bóyá irin olóró láti ibi ìwakùsà ń bá a dé ibẹ̀ níwọ̀n tó lè pani lára ni ọ̀rọ̀ ṣì wà lé lórí. Púpọ̀ nínú irú irin bẹ́ẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ìkún omi sì lè tún rú u sókè. Àyẹ̀wò lóòrèkóòrè nìkan ló lè yanjú rẹ̀.

Challenge

Àpáta ni Ìbàdàn, títí kan Challenge, dúró lé, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ bí i ti ilẹ̀ oníyanrìn. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti inú sísán àpáta ló máa ń wà, ìdí nìyí tí kànga fi ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń ní kí nǹkan bí 30 mítà wà láàárín kànga àti sọ́kàwéè. Pílọ́ọ̀tì 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 kò gùn ju nǹkan bí 30 mítà lọ. Ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì jẹ́ mítà 15 sí 15. Onílé tó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn pátápátá nínú ọgbà rẹ̀ kò ní rí ibi gbẹ́ kànga sí, sọ́kàwéè aládùúgbò sì tún ń bẹ lẹ́yìn ògiri.

Òjò ni ó ṣì wà lófẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 1,200 mìlímítà ló ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún. Òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin lè gba nǹkan bí 96,000 lítà nínú rẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún bá tiẹ̀ dànù. Ó tó fi fọṣọ, fọlé, da sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí táńkà bá gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mu nínú rẹ̀ ní láti jẹ́ kí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ òjò fọ páànù dànù, kó sì sè é.