Ọjà Tí À Ń Fi Ara Kejì Ná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa létí tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi í dúró bi ara wa léèrè pé irú ara wo ni a gbé wá sí ọjà, ọwọ́ ta ni a ti gba ara ọ̀hún, àti pé ta ni ó ni ilẹ̀ tí ọjà wà. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ fi yẹ nǹkan kan wò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àjèjì pátápátá. Nǹkan náà ni ayé inú kọ̀ǹpútà, níbi tí ènìyàn ti ń gbé ara mìíràn wọ̀, tí ó ń rìn kiri nínú ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀, tí ó ń wòran níbẹ̀, tí ó sì ń rajà. Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ara kejì kì í ṣe tuntun ní ìlú náà.

Igbó-Ọrà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a ń pè ní Ìbàràpá Méje. Àwọn yòókù ni Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Ìbejì ni ó sọ Igbó-Ọrà di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Oníṣègùn aboyún kan, Patrick Nylander, ṣe ìwádìí láàrin ọdún 1972 sí 1982, ó sì rí i pé nínú 1000 ìbímọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè yìí, nǹkan bí 45 sí 50 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Iye yìí pọ̀ ju ti ibi púpọ̀ lágbàáyé lọ, Igbó-Ọrà ni wọ́n sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Àwọn ará ìlú a máa ní ọbẹ̀ ìlasa ni ó fà á. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fi ọwọ́ sí i. Láti ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún ìbejì àgbáyé ní ìlú náà, tí èrò ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti wá wo ẹdun.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìbejì bá ti pọ̀, ẹkún ìbejì náà a máa pọ̀ níbẹ̀. Kí Yunifásítì Ìbàdàn tó gbé ètò ìlera Ìbàràpá kalẹ̀ ní Igbó-Ọrà ní ọdún 1963, àti fún ìgbà pípẹ́ ṣáájú ìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ikú a máa mú ọ̀kan lọ nínú ọmọ méjì. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé àwọn méjèèjì jọ ń pín ẹ̀mí kan ni. Bí ọ̀kan bá lọ tí a kò wá nǹkan dí ààyè rẹ̀, ó lè pe èkejì. Òbí yóò wá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, babaláwo yóò ní kí wọ́n lọ bá agbẹ́gilére. Ère tí ó bá gbẹ́ kì í jọ ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí ó kú lè má tíì pé oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ ère rẹ̀ yóò jẹ́ ti àgbàlagbà: yóò ní ọmú bí ó bá jẹ́ obìnrin, yóò ní ilà lójú, irun rẹ̀ yóò sì ga bí adé. Ara tí ọmọ náà ì bá ní ká ní ó dàgbà ni wọ́n ṣe fún un.

Ara yìí ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń fi osùn pa, tí wọ́n ń fi ẹ̀lú tàbí búlúù kun irun rẹ̀. Wọ́n ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ fún un, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀wà fún un bí èkejì rẹ̀ bá ń jẹ ẹ̀wà. Ìyá rẹ̀ yóò fi í há ìró, yóò gbé e lọ sí ọjà, yóò jó, yóò kọrin, àwọn ọlọ́jà yóò sì fún un ní owó. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí a ti ń ná ọjà ní ọrọọrún, ìyẹn ni pé ọmọ tí ó ti lọ ṣì ń jáde sí àárín èrò, ó ṣì ń gba ẹ̀bùn, a ṣì ń ra nǹkan fún un. Kò sí ẹni tí ó ń tan ara rẹ̀ jẹ nínú wọn. Gbogbo ọlọ́jà ni ó mọ̀ pé igi ni, gbogbo wọn ni ó sì mọ̀ pé ẹni kan wà lẹ́yìn igi náà tí ó yẹ kí a kí.

Nígbà tí kámẹ́rà dé, ara kejì kúrò lára igi nìkan. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, Marilyn Houlberg àti Stephen Sprague, kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Sprague ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó ya àwòrán àwọn méjèèjì, ayàwòrán yóò ya èyí tí ó kù, yóò tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, àwọn méjèèjì yóò sì jókòó tira wọn. Bí èyí tí ó kù bá jẹ́ ọkùnrin tí òkú jẹ́ obìnrin, wọn yóò wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn yóò tún un yà, wọn yóò sì so àwòrán méjèèjì pọ̀. Àwọn mìíràn ra ọmọlángidi oníke láti ọjà dípò ère. Ohun tí a fi ń ṣe ara ń yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fún ara náà kò yí padà.

Irú ara kejì mìíràn tún wà nínú ìtàn wa, òun ni èyí tí a yá. Gbogbo wa ni a gbọ́ àlọ́ ọkùnrin arẹwà tí ó wá sí ọjà tí ọmọbìnrin kan sì tẹ̀ lé e. Amos Tutuola lò ó nínú ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard ní ọdún 1952. Bí ọkùnrin náà ti ń padà sílé ni ó ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tí ó yá a ní ẹsẹ̀, tí ó ń dá apá padà fún alápá, tí ó sì ń san owó ìyálò, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ẹ jẹ́ kí á fi arẹwà yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ Lucasfilm ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí dán ayé kan wò tí wọ́n pè ní Habitat. Kọ̀ǹpútà Commodore 64 ni àwọn ènìyàn fi ń wọ inú rẹ̀ nípasẹ̀ wáyà tẹlifóònù. Olúkúlùkù ní ara kan nínú àwòrán, ó lè rìn, ó lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó lè ra nǹkan. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé orí wà lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀: ènìyàn lè ra orí tuntun, kí ó ṣí ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kí ó gbé èyí tí ó wù ú wọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí Àjàlá alámọ̀ àti àwọn tí ó lọ yan orí lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọgbọ́n ọjà fi wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń ta ọmọlángidi ní 75 owó ibẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn sì ń rà á ní 100. Àwọn tí ó rí àṣìṣe yìí rà, wọ́n tà, títí wọ́n fi lè ra ohun olówó ńlá tí irú àṣìṣe kan náà wà lára rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó tí ó wà ní gbogbo ìlú ti di ìlọ́po márùn-ún.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Linden Lab ní San Francisco ṣí ayé tí ó gbòòrò ju ìyẹn lọ, Second Life. Kò sí ogun tí a ń jà níbẹ̀, kò sì sí ayò tí a ń pa. Gbígbé ni à ń gbé ibẹ̀. Àwọn olùgbé ni ó ń kọ́ ilé, tí ó ń dá aṣọ, tí ó ń ṣe irun, bàtà àti àwọ̀ ara fún títà. Ó ní owó tirẹ̀, nǹkan bí 250 sì ni ó ń lọ sí dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, olórin Suzanne Vega kọrin níbẹ̀ nínú ara kejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, òkìkí kàn pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Anshe Chung níbẹ̀ ti ní ohun ìní tí ó tó mílíọ̀nù dọ́là, láti inú ríra ilẹ̀ àti yíyá ilẹ̀ fún ènìyàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, orílẹ̀-èdè Maldives àti Sweden ṣí ilé aṣojú ìjọba sí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ayé mìíràn pọ̀ sí i, tí òǹwòran tí ó ju mílíọ̀nù 12 lọ fi pé jọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú Fortnite ní oṣù kẹrin ọdún 2020 láti wo Travis Scott.

Bí mo bá sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọn a ní ìwà òmùgọ̀ ni: aṣọ tí kò bo ìhòòhò, bàtà tí kò kan ilẹ̀, tí ènìyàn fi owó gidi rà. Mo máa ń rán wọn létí ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá ìbejì rà fún igi. Bí a bá gbà pé ìyá náà kò ya òmùgọ̀, kò yẹ kí a yára fi ẹni tí ó ra bàtà fún àwòrán rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ènìyàn mìíràn ni a ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nítorí wọn. Aṣọ tí kò bo ara kankan ṣì lè sọ fún àwọn tí ó wà lọ́jà pé ẹni báyìí dé.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ọwọ́ tí ara náà wà. Ère ìbejì wà lọ́wọ́ ìdílé, gbèsè ìfẹ́ ni ó so ó mọ́ wọn. Bí ìyá bá kú, èkejì ìbejì tàbí àbúrò ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọjà tí wọ́n ń gbé e lọ wà lórí ilẹ̀ ìlú, lábẹ́ ọba àti ìyálọ́jà. Àwọn wọ̀nyí lè ṣi agbára lò, ṣùgbọ́n ọlọ́jà mọ ilé wọn, ó sì lè lọ bá wọn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti ayé inú kọ̀ǹpútà. Òtítọ́ ni pé Linden Lab gbà láti ọdún 2003 pé ẹni tí ó dá aṣọ ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni ilẹ̀ wà, inú ẹ̀rọ náà ni ara wà. Ní ọdún 2006, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ agbẹjọ́rò kan ní Pennsylvania, wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ó gbà ra ilẹ̀ kan. Gbogbo ilẹ̀ tí ó ní níbẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, adájọ́ kọ̀ láti fi ipá mú un tẹ̀ lé ìwé àdéhùn tí ó ní kí ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn onílàjà dípò ilé-ẹjọ́, nítorí pé àdéhùn náà gbè sí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ jù. Nígbẹ̀yìn, wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí.

Ti ẹni kan nìyẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2010, ayé kan tí ń jẹ́ There pa ilẹ̀kùn dé. Ó tún ṣí ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2023, Microsoft pa AltspaceVR rẹ́ ní tirẹ̀. Ibi ìpàdé, ilé, aṣọ, ọ̀rẹ́ tí a mọ̀ níbẹ̀ nìkan, gbogbo rẹ̀ lọ. Arẹwà inú àlọ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹwà wà níwọ̀n ìgbà tí a wà lọ́jà, nígbà tí ó bá di àtilọ sílé, onílé-iṣẹ́ yóò gba apá rẹ̀, yóò gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi yangàn pé tiwa dára jù. Àwa náà ta ara kejì. Nígbà tí ẹ̀sìn tuntun dé, tí owó sì di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ère ìbejì ni ìdílé tà tàbí tí olè jí, wọ́n sì wà lónìí nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Lára púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ irú igi àti agbègbè, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ìdílé jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ ìtọ́jú, ara di ọjà lásán.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ìbàràpá lónìí. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ MTN ra ilẹ̀ 144 ní Ubuntuland, ayé inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ South Africa. Ọdún méjì ṣáájú, ọ̀pọ̀ ayẹyẹ lágbàáyé ti bọ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àrùn Kòrónà. Kò jọ mí lójú bí ẹnìkan bá dábàá lọ́la pé kí a kọ́ Igbó-Ọrà kan sínú irú ayé bẹ́ẹ̀, kí àlejò láti Brazil tàbí Kúbà lè wá jó pẹ̀lú ìbejì, kí ó sì ra àdìrẹ àti ère lọ́jà ibẹ̀. N kò ní sọ pé kí a má ṣe é. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ilé. Ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà ìlú tó fi ọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n béèrè ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀: ta ni ó ni ilẹ̀ náà, ọwọ́ ta ni ara wa yóò wà, àti ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní ọjà tú, kí ni a óò gbé padà wálé? Ìyá ìbejì mọ ìdáhùn tirẹ̀. Bí ọjà bá tú, yóò gbé ọmọ rẹ̀ há ìró, yóò sì gba ọ̀nà ilé lọ.