Ọmọ tí Ẹ̀rù Omi Bà: Àjàyí Crowther àti Odò Ọya

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí a máa ń tètè sọ ni pé akíkanjú ni, kò bẹ̀rù ohunkóhun. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù púpọ̀, èmi náà a sì máa mi orí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tí Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀rù bà á. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun.

Lẹ́tà tó kọ ní 1837 ni mò ń wí, nígbà tó ti di olùkọ́ ní Sàró, tó ń ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Nígbà tó rí i pé wọ́n lè tà á fún àwọn Pópò, ó gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é dópin. Ìgbà tí wọ́n wá dé etí ọ̀sà tí wọn yóò gbà dé Èkó, omi ló wá di olórí ẹ̀rù. Ọmọ ìlú òkè, kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé e sáàárín àpò àgbàdo nínú ọkọ̀, wọ́n fún un ní oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe gbé e jókòó náà ló jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ.

Ọmọ yìí ló wá fi odò ṣe ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ sí ìdí iṣẹ́ tèmi. Nínú gbólóhùn “ẹ̀rù bà mí”, èmi kọ́ ni olùwà. Ẹ̀rù ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Ẹ̀rù ló ń ṣe é, èmi ni wọ́n ń ṣe é sí. Ẹ wá wo “Ọlọ́run pè mí”: èmi náà ni àbọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá tó sọ pé “mo lọ” ni mo tó di olùwà. Mi ò sọ pé gírámà lè ṣàlàyé ìgbàgbọ́ o, àmọ́ ó ràn mí lọ́wọ́ láti rí i pé ẹ̀rù àti ìpè lè jọ wà lára ẹnì kan náà, kí èkíní má sì lé èkejì jáde.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí sílẹ̀ ní 1822, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Nígbà tó di 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí odò Ọya, Albert, Wilberforce àti Soudan, láti bá àwọn ọba etí odò ṣe àdéhùn lórí òpin òwò ẹrú. Ẹgbẹ́ CMS fi J. F. Schön àti Àjàyí sínú àwọn tó lọ. Ibà ṣe wọ́n bí ogun. Òyìnbó tó kú lé ní ogójì, láàárín oṣù díẹ̀. Àjàyí rí gbogbo rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ní 1854 ó tún padà lọ, nínú ọkọ̀ Pleiad pẹ̀lú Dókítà Baikie. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń lo kuíníìnì déédéé, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Ní 1857, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ Dayspring kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó fọ́. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò fún nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Ẹni tí omi ti bà lẹ́rù lọ́mọdé, àbí kí ni ì bá tún wí? Ṣùgbọ́n ó tẹra mọ́ èdè Núpé. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Núpé tó ṣe jáde ní 1864. Ọdún náà gan-an ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury.

Ohun tí mo kà sí eléwu jù ni ti 1867. Ìjòyè kan lágbègbè Ìdàh, Abokko, mú un, ó sì ń béèrè owó kó tó fi í sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n ti mú lẹ́rú lọ́mọdé, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, bíṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n tún mú tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí. Fell, igbákejì kọ́ńsùlù tó wà ní Lókója, wá gbà á. Bí wọ́n ṣe ń sá wọ ọkọ̀, ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Àjàyí yè é. Odò náà ló sì padà sí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa. Bíṣọ́ọ̀bù ní kuíníìnì, ó ní kọ́ńsùlù tó lè wá gbà á. Joshua Hart kò ní nǹkan kan. Ẹrú ni ní Bonny, níbi tí Crowther ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gba ìgbàgbọ́, kò sì fẹ́ bá wọn bọ òrìṣà mọ́. Ní 1875, wọ́n dì í tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n jù ú sómi. Wọ́n fà á jáde, wọ́n tún bi í bóyá yóò yí padà. Ó kọ̀. Àjẹ̀ ni wọ́n fi lù ú lórí. Tí mo bá ń ka ìtàn iṣẹ́ odò Ọya, ibí yìí ni mo máa ń pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀.

Ìtara nìkan kò tó o. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí CMS rán wá sí odò náà ní ìtara gan-an. Wọ́n wọ aṣọ bíi Hausa, wọn kò bẹ̀rù ikú. Robinson kú ní 1891, Brooke kú ní 1892. Síbẹ̀, nínú ìgbìmọ̀ owó tó jókòó ní Oníṣà lóṣù kẹjọ 1890, akọ̀wé wọn, Eden, dá àwọn òjíṣẹ́ aláwọ̀ dúdú dúró lójú bíṣọ́ọ̀bù, Dandeson ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dìde, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Mi ò rò pé Abokko dùn ún tó ìyẹn.

Kò fi odò sílẹ̀ ṣá. Ó bá àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa fi owó ara wọn bọ́ iṣẹ́ wọn. Àrùn ń ṣe é nígbà náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1891. Ní 1892 àwọn ìjọ náà dá dúró, Dandeson ló sì ṣáájú wọn.