Agbẹjọ́rò

Ọmọ jókòó sílé ní Houston, ó fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ iṣẹ́ paralegal, ni ìyá rẹ̀ nílé bá ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti di agbẹjọ́rò. Ẹ kú oríire, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò: a-gbà-ẹjọ́-rò. Ẹni tó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́, tó wá ń rò ó níwájú adájọ́. Rírò yìí kì í ṣe ti inú ọkàn o. Ti “rojọ́” ni, tẹnu ni.

Ibẹ̀ gan-an ni paralegal ti yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó ń wá inú ìwé òfin, ó ń to fáìlì, ó ń kọ ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ kí lọ́yà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dá gba oníbàárà nímọ̀ràn òfin. Ontario ní Kánádà fẹ́ da ọ̀rọ̀ mi rú díẹ̀: wọ́n ń fún paralegal níwèé àṣẹ níbẹ̀, ó sì lè ro ẹjọ́ kéékèèké.

Kí wá ni ká pe paralegal ní Yorùbá? “Amòfin” ńkọ́? Ẹni tó mọ òfin ni, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa lónìí, oyè lọ́yà ló ti dà. “Igbákejì agbẹjọ́rò” burú jù, torí igbákejì lè dúró nípò ọ̀gá. “Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹjọ́rò” ni mo fara mọ́: “Bísí, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹjọ́rò wa, ló kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ náà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ló ro ẹjọ́ náà ní kóòtù.”