Ogun Tápà àti Iye Ènìyàn ní Ilẹ̀ Òkun: Àyẹ̀wò Ẹ̀rí Òǹkà

Èrò tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé ogun Tápà ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó sọ ilẹ̀ Òkun di ahoro, òun náà ni ó sì fà á tí ènìyàn kò fi pọ̀ níbẹ̀ di òní. Ní ọdún 1969 ni Michael Mason gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of African History, nínú èyí tí ó ti jiyàn pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti fi kíkónilẹ́rú ṣe okùnfà bí ènìyàn ṣe ṣọ̀wọ́n ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Gleave àti Prothero ta kò ó nínú ìwé kan náà ní 1971. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré fún Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, nítorí pé ìtàn bí wọ́n ṣe kó ọmọ ẹni lọ sí Bídà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti òǹkà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ka ará Òkun kí ogun tó dé. Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn tí ó sì wá kà wọ́n lẹ́yìn náà, owó orí ni wọ́n ń wá. Nínú ìkànìyàn 1921, tí C. K. Meek bójú tó ní ìhà Àríwá, àti ti 1931, inú ìwé owó orí ni wọ́n ti ṣa púpọ̀ nínú iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó bá sá pamọ́ fún agbowó-orí ti sá pamọ́ fún òpìtàn pẹ̀lú.

Nígbà tí ó yá, àṣìṣe náà yí ojú padà. Láàrin 1952 sí 1953, wọ́n ka nǹkan bí mílíọ̀nù 30.4 ní Nàìjíríà. Ní 1963, mílíọ̀nù 55.7. Ìyẹn ju ìdá 5 nínú 100 lọ lọ́dọọdún, èyí tí ìbímọ nìkan kò lè fà. Àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti wọ inú òǹkà. Ní 1991, wọ́n ka bíi mílíọ̀nù 89, bí ẹni pé ìdàgbàsókè kò tó ìdá 2 nínú 100 lọ́dọọdún fún ọdún 28! Ẹni tí ó bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣírò padà sẹ́yìn dé ayé Masaba, orí iyanrìn ni ó ń kọ́lé sí.

Ká tilẹ̀ gbà pé òǹkà náà péye, ìṣòro mìíràn wà. Pé ibi tí ogun jà ni ènìyàn kò pọ̀ sí kò fi hàn pé ogun ni ó fà á. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ tàbí eṣinṣin àrùn oorun ni kò jẹ́ kí ènìyàn pọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí àwọn jagunjagun sì yan ìlú kéékèèké tí kò lè gbèjà ara wọn. Iye ènìyàn ṣáájú ogun nìkan ni ó lè yanjú èyí, kò sì sí.

Àwọn ahoro ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó sá gun orí òkè, tí wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àlàáfíà dé. Bí òpìtàn bá ka ahoro mẹ́ta sí ìlú mẹ́ta tí ó parun, ó lè jẹ́ ẹbí kan ṣoṣo ni ó kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Royal Niger Company, tí ó gba Kábbà ní oṣù kìíní ọdún 1897 kí ó tó kọlu Bídà, gba ìfura: bí ìwà ìkà Tápà bá ti pọ̀ tó lójú ayé, bẹ́ẹ̀ ni ogun ti ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe dára tó.

Síbẹ̀, pé iye kò ṣeé mọ̀ kò túmọ̀ sí pé kò sí àdánù. Ẹni tí wọ́n kó lọ ní láti wà níbì kan. Mason fúnra rẹ̀, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1973 lórí iṣẹ́ ẹrú ní Bídà láti 1857 sí 1901, ni ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tẹ àwọn ẹrú, Yorùbá púpọ̀ láàrin wọn, dó sí abúlé oko yí Bídà ká. Abúlé wọ̀nyí, pẹ̀lú orúkọ àti oríkì tí ó bá kù níbẹ̀, ni ẹ̀rí tí ó sún mọ́ òǹkà jù lọ, Kábbà kọ́ ni ó sì wà.